Ohùn Inú Bàálù Tí Kì Í Fò

Abẹ́ tábìlì ni Wáyà wà. Ó nà gbalaja sórí ilẹ̀, ó fi eyín di okùn iná kan mú, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà rọrùn láti fẹnu sọ: kí ó jẹ́ kí bàálù tí kì í fò máa sọ̀rọ̀.

Bàálù tí kì í fò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú náà ń pe ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá yẹn. Kò ju àga awakọ̀ kan lọ, pẹ̀lú ọwọ́ ìdarí, ẹsẹ̀ ìtẹ̀, àwọn aago kéékèèké àti sikirínì ńlá tó ń fi sánmà àti ilẹ̀ hàn. Èèyàn lè jókòó síbẹ̀, kí ó gbéra, kí ó fò yí ìlú po, kí ó sì padà balẹ̀, láìkúrò nínú ilé. Wáyà ló to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ilé-ìwé tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Títú nǹkan palẹ̀ àti títò ó padà ni ilé-ìwé tirẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní: ó yadi. Akẹ́kọ̀ọ́ á fò ó nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ bí ẹni wà nínú oorun, ṣùgbọ́n bó bá dójú sánmà gidi, tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ọ̀rọ̀ sí i létí, àyà á já.

"Ọ̀rọ̀ ló kún ojú sánmà, Wáyà," ni Kápútẹ̀nì, olórí àwọn olùkọ́, wí. "Gbé e wá sínú yàrá yìí fún mi."

Wáyà ṣì wà lábẹ́ tábìlì nígbà tí ó gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Hùn-ùn," ni Wáyà dáhùn, nítorí okùn iná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́, ó sì rò pé ẹni náà ti lọ. Ó so okùn àkọ́kọ́ tán, ó so èkejì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tó fi ẹ̀yìn wọ́ jáde.

Ó gbójú sókè. Ọmọge kan dúró lójú fèrèsé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó há fìlà sábíyá. Oòrùn àárọ̀ tàn sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún òjìji, bí ẹni pé kò fẹ́ ná gbogbo ẹwà náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ọrùn rẹ̀ gùn, ẹyinjú rẹ̀ tutù. Wáyà fẹ́ dìde kíákíá, ó bá fi orí gbá etí tábìlì, gbàù!

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá," ni Wáyà wí, omi sì ti lé sójú rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ti dúró síbẹ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́."

"Ẹ̀ bá ti pè mí."

"Mo kí yín, ẹ ní hùn-ùn. Mo ní ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú hùn-ùn, kò tíì ráyè nìyẹn."

Wáyà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé bó bá gbé bàálù balẹ̀, àfi kí èèyàn yọjú wo ilẹ̀ kó tó gbà pé táyà ti kàn án.

"Wọ́n ní bàálù yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ilé-ìṣọ́ tó ń darí àwọn bàálù á máa sọ̀rọ̀, àwọn awakọ̀ yòókù náà á máa sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lókè."

"Mo gbé," ni Jẹ́jẹ́ wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni ó ti sọ ohun tó ń dà á láàmú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ń bá ilé-ìṣọ́ sọ ló mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ìkànnì kan ṣoṣo ni gbogbo bàálù jọ ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti tẹ bọ́tìnì nígbà tí ẹlòmíràn bá dánu dúró, kí ó sì sọ tirẹ̀ kíá. Ilé tí wọ́n ti tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá-ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, á sọ̀rọ̀ títí tí ojú á fi máa kún àwọn ọmọ fún oorun, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yanu. Bó ṣe dé ojú sánmà nìyẹn, ó ń dúró kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tán. Wọn kò sì sọ̀rọ̀ tán. Léraléra ni Kápútẹ̀nì, tó ń jókòó tì í nínú bàálù, ti gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ní bí mi ò bá fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀ ní ìdánwò tó ń bọ̀, kí n máa lọ sílé. Kò sì bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Wáyà wo okùn iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é," ni ó wí. "Èmi mọ ẹ̀rọ, ẹ̀yin mọ ọ̀rọ̀."

Ohùn tí kọ̀ǹpútà ń dá sọ fúnra rẹ̀ ni Wáyà kọ́kọ́ lò. Ohùn náà mọ́ jù. Kò mí, kò wúkọ́, kò kánjú. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ohùn tó máa ń ní kí n di fóònù mú, pé wọ́n á dá mi lóhùn láìpẹ́, nìyí! Awakọ̀ wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

Ohùn èèyàn gidi ni wọ́n wá lọ. Wáyà gbé gbohùngbohùn kọ́rùn, Jẹ́jẹ́ mú ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́, wọ́n sì ń kiri àdúgbò bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní ohùn. Obìnrin tó ń ta ìwé àti bírò lójú títì fún wọn ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé Wáyà, bàbá náà gbé àwọn aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó sì jókòó dáadáa.

"Ibo ni bàálù tèmi wà báyìí?"

"Ẹ wà lókè odò, bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ fẹ́ wá balẹ̀. Ẹ kàn sọ pé ẹ wà lókè odò, ẹ ti ń sún mọ́ pápá."

Télọ̀ di àlùmọ́gàjí mú bí ọwọ́ ìdarí. "Mò ń bọ̀ o! Ẹ kúrò lọ́nà!"

"Rárá, bàbá! Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi, ṣé ẹni tó wà lófurufú tí kò rí nǹkan kan dì mú lá máa ní kó ṣe sùúrù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní láti tún un gbà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Wáyà obìnrin, nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé, kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Àṣẹ ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gba gbohùngbohùn, ó sì wí pé, "Ìwọ tó wà lókè odò, dúró síbẹ̀. Ìwọ tó wà nílẹ̀, mi ò tíì pè ọ́." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ti rí ohùn ilé-ìṣọ́.

"Àbúrò mi," ni nọ́ọ̀sì wí bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, "ta ni ọmọ arẹwà yìí?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ la jọ ń ṣe."

"Mo gbọ́. Iṣẹ́ ló mú kí o wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a lọ̀."

Wáyà kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Jẹ́jẹ́ gbójú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Wáyà gbádùn ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà bí ọmọdé ṣe ń gbádùn iyanrìn. Ó ṣàkíyèsí pé ohùn inú rédíò kì í ní ìsàlẹ̀, kì í sì í ní òkè. Àárín rẹ̀ nìkan ló máa ń dé etí. Nítorí náà ó gé ìsàlẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan kúrò, ó gé òkè rẹ̀, ó sì fi ìró ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ nídìí. Télọ̀ di awakọ̀ lọ́gán. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ń ya sánmà. Èkejì tó so mọ́ ọn ń ka ibi tí bàálù kọ̀ọ̀kan wà nínú sánmà yẹn, ó sì ń yan ohùn tó yẹ. Bí bàálù olùṣọ́ bá dókè odò, olùṣọ́ á sọ pé òun dókè odò. Bí ilé-ìṣọ́ bá pàṣẹ, ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún á tún àṣẹ náà sọ, kó lè hàn pé ó gbọ́ ọ dáadáa.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga, ó fi ìbotí bo etí, gbohùngbohùn kékeré sì yọ wá sí ẹnu rẹ̀. Ó gbéra. Ohùn kún sánmà. Ó dé ibi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀, ó gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì, ó dúró. Télọ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Olùṣọ́ gbà á. Jẹ́jẹ́ ṣì ń dúró. Nígbà tí yóò fi mọ̀, ó ti kọjá pápá. Ó ṣí ìbotí kúrò, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì.

Ọkàn Wáyà gbọgbẹ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ìfẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fo bàálù inú yàrá, ó ní láti tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wáyà pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé nígbàkígbà tí orúkọ Jẹ́jẹ́ bá wà níbẹ̀, tó sì dé ibi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀, kí gbogbo ohùn yòókù panu mọ́ títí yóò fi sọ tirẹ̀ tán. Kò sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà lọ, Jẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin wọ yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, wọ́n á pín búrẹ́dì, wọ́n á máa wo àwọn bàálù gidi tó ń balẹ̀. "Ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

"Awakọ̀ bàálù mi," ni Wáyà máa ń fi ṣeré, "ìgbà wo lo máa gbé mi fò?"

"Ìgbà tí o bá dẹ́kun fífi orí gbá tábìlì. Mi ò lè gbé ẹni tí kò mọ gíga orí ara rẹ̀."

"Bí mo bá wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀kùn ibẹ̀ ga tó?"

Jẹ́jẹ́ gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́. "Jẹ́ kí n yege ná, olólùfẹ́ mi," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi á ṣí ilẹ̀kùn."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wáyà gbé rédíò kékeré sí etí fèrèsé yàrá, ó yí i sí ìkànnì ilé-ìṣọ́. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, gbogbo ẹni tó ní bàálù ló sì ti gbé e jáde. Ohùn ń rọ́ lu ohùn. Wáyà mọ ọ̀nà tí Jẹ́jẹ́ ń gbà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ó ti yẹ kó dókè odò báyìí. Ó ti yẹ kó sọ̀rọ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn Jẹ́jẹ́ kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, Wáyà gbọ́ ohùn Kápútẹ̀nì, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Jẹ́jẹ́ sọ.

Wáyà pa rédíò.

Jẹ́jẹ́ kò sunkún. Ó rìn wọ yàrá wá láti wá ibi tí àṣìṣe ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà lórí àga, Jẹ́jẹ́ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́. Bàálù akẹ́kọ̀ọ́ náà dókè odò. Télọ̀ ń sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń pàṣẹ, olùṣọ́ ń dáhùn. Kò sí ẹni tó panu mọ́ fún un. Ó já wọ àárín wọn, ó sọ tirẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí Wáyà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde, ó ní, "Wọ́n máa ń dákẹ́ fún mi."

Wáyà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé fún èmi nìkan?"

"Mo rò pé mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn—"

"Ojú mi!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Wáyà gbọ́ tó gbé ohùn sókè. "Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mò ń kọrin kiri ilé. Ìwọ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní dákẹ́ fún mi lókè, o sì jẹ́ kí n gòkè lọ. O ṣe mí bí ọmọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú, tí ó ń rò pé òun ti ń rìn."

"Jẹ́jẹ́ mi, jọ̀ọ́—"

"Má pè mí ní tìrẹ báyìí." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀.

Wáyà gba ọ́fíìsì Kápútẹ̀nì lọ, ó sì ṣàlàyé ohun tó ṣe. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Kápútẹ̀nì gbọ́ ọ tán, ó bọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé o lè fi inú rere pa èèyàn?"

"Mo ti mọ̀ báyìí, sà."

"Ẹni tí ẹ̀rọ bá purọ́ fún, kò tíì ṣe ìdánwò. Màá tún gbé e gòkè. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ yẹn kọ́kọ́ sọ òótọ́. Lọ sí ilé-ìṣọ́, kí o lọ gbọ́ bí sánmà ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Etí rẹ nìkan ni kí o gbé lọ."

Lórí òkè ilé-ìṣọ́, bàbá olórí-ewú kan jókòó síwájú gíláàsì, ó ń darí àwọn bàálù pẹ̀lú ohùn tí kò yára, tí kò sì falẹ̀. Wáyà jókòó sí igun kan, ó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré kan wà, tó tó èémí kan. Inú àyè náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé.

Lójijì bàbá náà dìde dúró, ó ń wo sánmà. Bàálù kékeré kan ń bọ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Bàbá náà pè é, ó tún un pè. Nígbà tí awakọ̀ náà dáhùn níkẹyìn, bàbá náà mí kanlẹ̀, ó jókòó, ó sì fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí.

"Bàbá, ṣé àwọn tó ń já wọ àárín ọ̀rọ̀ yín kì í bí yín nínú?" ni Wáyà bi í.

"Kí ni jíjá wọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀? Àwọn ni mò ń dúró dè! Ẹni tó sọ̀rọ̀, mo mọ ibi tó wà, mo lè tọ́jú ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ló ń gba oorun lójú mi. Kò sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìdákẹ́jẹ́ níbí o. Ìbẹ̀rù ló ń kó bá mi."

Wáyà dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà títí tí ẹnu fi ya bàbá náà. Ó mọ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé bàbá Jẹ́jẹ́ mọ́ tónítóní, àwọn àga sì tò bí ti kíláàsì. Wáyà dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí ó jókòó, bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Ọmọ mi ti gbìyànjú, ó tó. Sánmà kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan sọ̀rọ̀, yóò fún un níṣẹ́ ní ilé-ìwé rẹ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé..."

Ó sọ ìgbà ọmọdé, ó sọ ìgbà iṣẹ́, ó sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń ká aṣọ. Jẹ́jẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò wo Wáyà. Ìgbàkígbà tí Wáyà bá ya ẹnu, bàbá á wọ ìtàn mìíràn. Níkẹyìn bàbá na ọwọ́ sí ife omi, Wáyà sì rí àyè náà.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Àgbà ilé-ìṣọ́ ní ẹni tó bá dákẹ́ ló ń dẹ́rù ba òun. Ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni òun ń dúró dè. Kápútẹ̀nì sì ní òun á tún un gbé gòkè, torí ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀."

Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Ẹni tó dákẹ́? Ìyẹn rán mi létí ọmọ kíláàsì mi kan—"

Ó dúró láti mí.

"Bàbá mi," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo fẹ́ padà lọ."

Aṣọ dúró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìjẹta?"

"Ẹ ò dákẹ́, bàbá."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi aṣọ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá kò bínú. Ó fi ọwọ́ pa ojú, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ilé yìí dákẹ́ jù," ni ó wí. "Gbogbo yín á kàn máa wò mí. Mo ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, bóyá ẹnìkan á dá sí i." Ó mi orí. "Mo ti ń dúró tipẹ́ o, ọmọ mi. Máa lọ. Lọ di awakọ̀."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Wáyà.

"Èmi àti ìwọ kò tíì parí ọ̀rọ̀ wa."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn á sọ òótọ́?"

"Á sọ òótọ́ tí kò ní dùn ún gbọ́."

Wáyà sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́ lójú Jẹ́jẹ́. Ó wọn àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ ní ilé-ìṣọ́, ó sì tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó jẹ́ kí télọ̀ máa sọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ́ kí ẹni méjì tẹ bọ́tìnì pọ̀, kí rédíò sì han gooro. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá tún ohùn gbà sílẹ̀, bí ẹni pé bàbá mẹ́ta tó gbé ọmọ wá sí ilé-ìwòsàn ń bá a jà lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kò kọ̀.

Jẹ́jẹ́ kùnà. Ó tún un ṣe. Ó wọlé pẹ́, ó wọlé yá, ó fi ohùn lu ohùn. Wáyà wà lẹ́yìn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kí wọ́n má baà ṣàánú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òógùn bo ojú Jẹ́jẹ́, télọ̀ sì wà lẹ́nu ìtàn gígùn rẹ̀. Télọ̀ mí. Ohùn Jẹ́jẹ́ wọlé, ó ṣe kedere, ó kúrú, ó sì jáde. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Jẹ́jẹ́ tún àṣẹ náà sọ, ó yí bàálù sápá òsì, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó balẹ̀, ó ṣí ìbotí, ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Wáyà tó ki ọwọ́ bọ àpò, tí omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, mi ò sì ràn ọ́ lọ́wọ́. Kò tíì sí iṣẹ́ tó le tó yìí."

Jẹ́jẹ́ rìn wá bá a, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kan yọ nínú àpò, ó sì dì í mú. "O ṣeun," ni ó wí.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò padà dé, télọ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì gba àyè níbi iṣẹ́, olùṣọ́ fi ojú kan ṣọ́ géètì, gbogbo wọn sì kó ara wọn jọ yí rédíò kékeré Wáyà ká. Bàbá Jẹ́jẹ́ náà wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ rárá.

Ìkànnì kún fọ́fọ́ bíi ti ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹnìkan ń béèrè ojú ọjọ́, ẹnìkan fẹ́ balẹ̀, ẹnìkan fẹ́ gbéra. Lẹ́yìn náà èémí kan kọjá, ohùn obìnrin kan sì wọlé. Ó wí ẹni tí òun jẹ́, ó wí pé òun wà lókè odò, ó wí pé òun fẹ́ balẹ̀. Àgbà ilé-ìṣọ́ ní kí ó máa bọ̀, òun ló kàn.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹ gbọ́ o, ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

"A gbọ́, sà," ni télọ̀ wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Bàálù náà sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó balẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kápútẹ̀nì kọ́kọ́ jáde, ó bọ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Wáyà dúró lẹ́bàá koríko, kò mọ̀ bóyá kí òun sáré tàbí kí òun dúró. Jẹ́jẹ́ ló rìn wá bá a.

"Mo yege."

"Mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Wáyà, mo fẹ́ kí a fẹ́ ara wa. Mo ti sọ fún bàbá mi láàárọ̀ yìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní kí o kó àwọn ẹbí rẹ wá."

"Ṣé o ti dárí jì mí, olólùfẹ́ mi?"

"Ó pẹ́. Ọjọ́ tí o ki ọwọ́ bọ àpò ni."

Wọ́n fẹ́ ara wọn kí ọdún náà tó parí. Télọ̀ ló rán aṣọ wọn, nọ́ọ̀sì ló darí ẹni tí yóò jókòó síbí àti ẹni tí yóò dìde, bàbá ìyàwó sì dúpẹ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì jókòó.

Ẹ̀rọ Wáyà ṣì wà nínú yàrá yẹn, kò sì yadi mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi Wáyà ṣe olórí yàrá náà, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ rédíò lé padà sílé mọ́. Kí Jẹ́jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀, ó wá jókòó síwájú gbohùngbohùn ọkọ rẹ̀, ó sì fi ohùn tirẹ̀ kún ti àwọn yòókù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá gbéra lónìí, tó fi ìbotí bo etí, tó ń bẹ̀rù láti yanu, ohùn Jẹ́jẹ́ á wọlé láti òkè odò, á sọ ti ẹnu rẹ̀, á sì fi àyè èémí kan sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.